Kóòtù Tí Màlúù Ń Lá

Bí mo bá sùn lọ́sàn-án nísinsìnyí, mo ṣì máa ń gbọ́ bí wàrà ṣe ń dà sínú garawa: ṣìì, ṣìì. Màá rí kùrukùru òwúrọ̀ lórí pápá, àti ẹ̀yìn àwọn màlúù wa tó ń yọ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní oko màlúù kan tí kò jìnnà sí Agbowó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ iye wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí n sì máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń wá akọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, mo sì rò pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni tún lè sọ fún mi nípa màlúù.

Àdàlù ni wọ́n. Màlúù Fúlàní ni ìyá wọn, ti ìlú òyìnbó ni bàbá wọn. A fẹ́ kí wọ́n ní wàrà bíi ti bàbá, kí wọ́n sì fara da oòrùn bíi ti ìyá. Ṣùgbọ́n pupa kan wà níbẹ̀ tó jọ pé ìwà ìyá rẹ̀ nìkan ló jogún: bí kò bá rí ọmọ rẹ̀, kò ní sọ wàrà sílẹ̀. Ọmọ náà wá kú. Bàbá Fúlàní tó ń fún wàrà fún wa bó awọ rẹ̀, wọ́n sá a, wọ́n ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e síwájú ìyá rẹ̀ láràárọ̀. Màlúù á gbóòórùn ọmọ rẹ̀, á máa lá a, wàrà á sì máa dà.

Èmi rí awọ yìí, eṣinṣin bò ó, mo ní ìdọ̀tí ni. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbá a mọ́ àyà kóòtù funfun tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo gbé e lọ sí kòtò tí a ti ń sun pàǹtí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fọwọ́ ra ọmú títí, kò sóhun tó jáde.

"Àǹtí, ọmọ ẹ̀ dà?"

"Awọ lásán ni, Bàbá. Mo ti sun ún."

"Awọ lásán lójú yín ni," wọ́n ní, wọ́n sì gbé garawa òfìfo kúrò.

Ọ̀gá wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Àbíkú ló bí, kò tún ní wàrà. Bó bá di Jímọ̀ tí kò yí padà, ẹ fà á lọ fún àwọn alápatà ní Bódìjà."

Màlúù tí kò ṣẹ̀ mí ni mo fẹ́ pa. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ dúró tì í, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbà. Ó fi imú kan kóòtù funfun mi, níbi tí mo gbá awọ yẹn mọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó yọ ahọ́n rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki bí ewé eépín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá mi.

"Ẹ má mira," Bàbá sọ lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: ṣìì, ṣìì.

Bí mo ṣe di ọmọ màlúù nìyẹn. Láràárọ̀ ni mò ń dúró nínú kùrukùru, ojú mi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dirí fún. Ọ̀gá rí wàrà nínú ìwé mi, kò sọ̀rọ̀ Bódìjà mọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn ò gbọ́dọ̀ kan omi, kí òórùn ọmọ náà má bàa lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni wọ́n. Sùtánà wọn funfun ju lékeléke lọ.

"Ṣé yunifásítì ló ní kó o máa rùn ni?"

"Mọ́mì, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, wọ́n á pa màlúù kan."

Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí mi lórí, mo sì ń fa kóòtù mi sẹ́yìn kí omi má bàa tà sí i.

Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà yẹn, mo ti kọ́ láti máa béèrè. Bàbá ló sọ fún mi lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan pé pupa ń wá akọ. Dókítà màlúù wá fi àtọ̀ akọ màlúù tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù sí i, oyún sì dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bí, a dáwọ́ wàrà fífún dúró, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ dúró tì í láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Ó bímọ ní òwúrọ̀ tí kùrukùru pọ̀ jù lọ. Abo ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sún mọ́ wọn pẹ̀lú kóòtù mi. Ìyá gbóòórùn mi lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orí ba, ó sì fi iwájú orí tì mí ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó wá dúró sáàárín èmi àti ọmọ rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó ti rí ọmọ ẹ̀. Ẹ máa lọ sílé yín."

Inú mi dùn gan-an. Ó sì dùn mí débi pé mo sunkún láti oko dé Agbowó.

Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ sùtánà. Mo bọ́ kóòtù náà, mo nà án sí wọn.

"Mọ́mì, ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Wọ́n rì í bọ inú omi ọṣẹ, mo sì jókòó tì wọ́n títí ó fi funfun.