Ọjọ́ tí Màmá Kò Dáná

Ọjọ́ tí màmá mi kò dáná ni n kò lè gbàgbé láyé. Àrùn onígbáméjì ti wọ abà kòkó wa lẹ́yìn Àgọ́ Aláyé. Wọ́n ti gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n sì fi màrìwò dí ọ̀nà ilé wa kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, màmá kọjú sí ògiri. Ó ní, "Bọ́lá, bí mo bá sùn, má jí mi." Kò bì, inú kò sì run ún, síbẹ̀ kò dìde láti dáná.

Lọ́sàn-án, Ìyá Délé, aládùúgbò wa, dúró lẹ́yìn màrìwò. "Ìyá Bọ́lá, n ò rí èéfín nílé yín."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. "N ò ní lọ, àfi bí ẹ bá dáná."

Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí màmá tó dìde. "Bọ́lá, mú ìṣáná wá."

Bàbá kò padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí màrìwò fi wà lọ́nà, màmá ń dáná kí Ìyá Délé lè rí èéfín, kódà nígbà tí a kò ní ohun tí a ó sè.