Ìkòkò Idẹ Tí Mahlaga Fẹnu Ta Lọ́rẹ

Ògiri kan ló pín ilé wa àti ti Mahlaga níyà ní Yazd, nílẹ̀ Iran. Opó ni, ọ̀rọ̀ dídùn kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí àlejò bá yin nǹkan rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á ní, "Tiyín ni, ẹ máa mú un lọ." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n lò ó pẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Anneke, ọmọge ilẹ̀ Holland, kò tíì lo oṣù kan láàárín wa nígbà tó wá kí i lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó rí ìkòkò idẹ tí wọ́n fi ń se tíì, èyí tí ìyá Mahlaga gbé fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ.

"Ó mà rẹwà o, Mà!"

"Tìẹ ni, ọmọ mi. Máa gbé e lọ."

Omi lé ròrò sójú Anneke. Ó dì mọ́ ọn, ó gbé ìkòkò, ó di ilé.

Mahlaga já wọlé wa. "Ó gbé e lọ! Ó gbé e lọ lóòótọ́!"

"Ta ló ní kó gbé e?"

"Èmi náà ni!"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tí mo rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kó lọ gbà á padà.

"Kí n wá sọ pé kí ni? Pé irọ́ ni mo pa?"

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi se tíì nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, onílé Anneke là á lọ́yẹ. Ọmọ náà sáré gbé ìkòkò dé, mo wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà, mi ò mọ̀ ni. Ẹ gbà á."

"Láéláé! Tìẹ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Rárá o, mo ti fún ẹ."

Anneke mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ẹ ṣé gan-an." Ó kọjú sọ́nà.

"Gbé e sílẹ̀ jàre!" Mahlaga ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Ìyá mi ló fún mi!"

Anneke gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mahlaga fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. A rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

Láti ọjọ́ náà, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Anneke mọ́. "Iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ ti pọ̀ jù. Ó ti rẹ̀ mí, máa lọ sílé."

"Ara máa ń tù mí lọ́dọ̀ ọmọ yìí," ló sọ fún mi lánàá.

"Lọ́dọ̀ tèmi ńkọ́?"

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ ni ìmọ́lẹ̀ ojú mi!"

Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ dídùn lásán.