Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Fáànù Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣàdédé dákẹ́.

"Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Fáànù ni, Bàbá. Fáànù inú kọ̀ǹpútà."

"Kì í dún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá mi fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní àdúgbò wa ní Ìwó. Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà ṣàlàyé èdè Lárúbáwá fún ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, wọ́n sì fẹ́ kó di ìwé. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ tán nígbà kan rí, kí wọ́n tó bí mi. Iná ṣẹ́ yọ nínú agbo ilé, ó jó yàrá wọn, ìwé náà sì bá a lọ. Wọn ò fọwọ́ kan bírò nítorí rẹ̀ mọ́, títí wọn ò fi ríran mọ́. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ọmọ kékeré ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ ọ́ lẹ́nu, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá fún wa. Gbogbo ohun tí a ti kọ, inú rẹ̀ nìkan ló wà. Fíláàṣì tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ ti bàjẹ́, n kò sì tíì ra òmíràn.

Ariwo náà ń le sí i lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àílà, fáànù náà ké fíì, ó dákẹ́. Kò pẹ́ sí i tí kọ̀ǹpútà náà fi kú mọ́ mi lójú. Bí mo ṣe fẹ́ tún un tàn ni bàbá mi dìde.

"Iná! Iná ń jó!"

Wọ́n ti gbọ́ òórùn ooru náà. Wọ́n taari àga, wọ́n ń táràrà wá ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi orúnkún gbá tábìlì. Mo sáré dì wọ́n mú.

"Bàbá, kò sí iná. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí iná níbì kankan."

Mo tú wáyà kúrò lára ògiri, mo wá fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Mo yára fà á padà, ó gbóná gan-an. Bàbá mi lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò sì wọlé mọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí léèrè ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù láti bi ara mi.

"Ìwé mi ńkọ́?"



Mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má tàn án mọ́ o. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ rẹ̀ ló ti kú. Tí ẹ bá ń tàn án bẹ́ẹ̀, ooru á bà á jẹ́." Kò lè wá, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó ní òun á fi fáànù tuntun rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ní Ìwó, èmi ni màá sì fọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Màá máa wò yín lórí fóònù."

Lọ́jọ́ kejì, mo gba fáànù náà ní gáréèjì. Mo gbé àpótí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níwájú fèrèsé, mo fi fóònù ti ara ife kan kí àbúrò mi lè máa rí ọwọ́ mi. Wáyà kankan kò sí lára ògiri, síbẹ̀ mo rò pé iná á gbé mi. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku bo gbogbo inú rẹ̀. Mo rí fáànù tó ti kú náà lórí irin kan tó ní eyín bíi kóòmù. Irin yẹn ló ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tú ìdè rẹ̀, mo fà á. Kò wá.

Àbúrò mi ní, "Ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ má fà á sókè o."

Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ọwọ́ mi tó ń làágùn ni, mo fà á sókè. Ó já wá pẹ̀lú ìró kan. Mo yí i padà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti tẹ̀lé e wá, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ yọ síta bí irun búrọ́ọ̀ṣì.

Mo nà án sí fóònù kí àbúrò mi lè rí i.

"Mo ti bà á jẹ́, àbí?"

"Ẹ gbé e súnmọ́ fóònù." Ó wò ó títí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀ ní igun yẹn. Tó bá kán, ó parí nìyẹn. Ẹ wá abẹ́rẹ́ ìránṣọ."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"O ń tàn mí. Mo gbọ́ bí o ṣe ń mí."

Mo rí i pé wọ́n ti di férémù ilẹ̀kùn mú, wọn ò lè wọlé, wọn ò sì lè padà lọ jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà lábẹ́lẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé tábìlì, mo fi orí abẹ́rẹ́ ti ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Mo ń retí ìgbà tí màá gbọ́ ìró kíkán rẹ̀. Kò kán. Nígbà tó tọ́, àbúrò mi ní kí n rọra yí ọpọlọ náà kúrò lára irin, kí n gbé e sójú ihò rẹ̀, kí n má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó fúnra rẹ̀. Mo fi òróró funfun tó ń fa ooru, tó bá fáànù tuntun wá, pa á lórí, mo gbé irin àti fáànù tuntun lé e, mo dè é.

Mo kì wáyà bọ ara ògiri, mo tàn án. Fáànù ń yí, ó ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirimú. A dúró, a dúró, kò yí padà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ń sọ pé ohun tí a kọ kò sí lára ibi tí mo tú, pé ibòmíràn ló wà. Mo gbọ́ ọ, n kò kàn gbà á gbọ́ ni. Ohun tí mo ń rò ni bí màá ṣe sọ fún bàbá mi pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ìwé náà sọnù.

"Àǹtí mi, wáyà tó lọ sí ojú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti kì í padà?"

Mo dìde, mo wo ẹ̀yìn àpótí. Wáyà náà wà nílẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́ nígbà tí mo ń gbé e. Mo kì í bọ ibi tó yẹ, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀ yòò. Mo bú sẹ́kún, ni bàbá mi bá pariwo.

"Ó ti jó?"

"Kò jó, Bàbá. Ó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà, wọ́n ń mi orí. Ìgbà tí mo ka orí àkọ́kọ́ tán ni wọ́n wọlé.

Kó tó di alẹ́, mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ìwé náà kò tíì parí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá mi ti ní kí n sún àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi báyìí, pẹ̀lú ohùn tó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.