Igi Ẹran Mẹ́tìrì Ràṣídì

Títí dòní, àdúgbò Tokpota kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí olóògbé Mẹ́tìrì Ràṣídì fi ata mẹ́ta bọ́ dẹlẹgé, tó sì pè é ní ẹ̀kọ́.

Ọdún tí Dahomey di Bénin ni. Rẹfolúsíọ̀n gbòde, "Ẹhuzu dàńdàn!", ìyẹn "Àyípadà dé dandan!", ti rọ́pò ẹ káàárọ̀. Mẹ́tìrì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wá ń fi Nàgó, èdè Yorùbá wa, kọ́ àwọn obìnrin nípa ara ènìyàn ní àgbàlá rẹ̀. Ni Kàmáràdì Aboudou, dẹlẹgé tó ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò, bá dé.

"Mẹ́tìrì, Faransé ni wọ́n fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí kò bá yé mi ní Nàgó lónìí, ẹ ó ti kíláàsì yìí pa."

"Kàmáràdì, jókòó. Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Díẹ̀, Mẹ́tìrì."

"Ó dáa. Wàá jẹ ẹ̀kọ́ náà."

Ó to obìnrin mẹ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ kékeré ló ṣíwájú, ó wé gèlè fún wọn: pupa, pupa, funfun, ó tún un ṣe títí dópin.

"Yàrá kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún ara wa. Àṣẹ bí a ṣe ń mọ ara wà ní ìyẹ̀wù yàrá kọ̀ọ̀kan, kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń jáde: àwọn obìnrin yìí nìyẹn. Èmi ni òṣìṣẹ́ tó ń kà á, mẹ́ta mẹ́ta. Pupa, pupa, funfun: Mounirou ọmọ mi á gbé ẹran wá. Funfun, pupa, pupa: Waliou àbúrò rẹ̀ á gbé ata wá. Màá máa gún wọn mọ́ igi yìí bí wọ́n ṣe ń dé. Ohun tó bá tò sórí igi ni purotéènì. Òun ni ara fi ń di ara."

"Ata kẹ̀?"

"Fọkàn balẹ̀, kò sí ata lónìí."

Ibẹ̀ ni Silifatou, ìyálé nílé Mẹ́tìrì, ti ọjà Adjarra dé, gèlè funfun lórí.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó kékeré ló wà níwájú, nínú ilé tí mo kọ́kọ́ wọ̀?"

Ó lọ dúró síwájú pátápátá. Ta ló máa ní kí ìyálé sún sẹ́yìn?

Ojú Mẹ́tìrì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kì í wọ gíláàsì ojú, nítorí oge. Àwọ̀ gèlè nìkan ló ń rí. "Funfun, pupa, pupa!" Waliou gbé ata. "Funfun, pupa, pupa!" Waliou tún sáré. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Mounirou gbé àwo ẹran lé ẹsẹ̀: "Bàbá, ṣé wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ni?" Obìnrin tó gbẹ̀yìn náà figbe ta: "Èmi ńkọ́? Ta ló máa kà mí?"

"Àṣẹ ni àṣẹ," ni Mẹ́tìrì wí. Ó sun igi ata náà, ó gbé e fún dẹlẹgé. Aboudou gé e jẹ. "Ẹhu... ẹhu..." Dàńdàn ò lè jáde.

Nígbà tó mu omi tán, ó ní: "Ẹnì kan ṣoṣo ló yà wọ ìlà, tí gbogbo mẹ́ta mẹ́ta fi yẹ̀? Bó ṣe ń rí nínú ara nìyẹn?"

"Nígbà míì. Àìsàn mìíràn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó yé mi, Mẹ́tìrì." Ó fun imú. "Ó tilẹ̀ yé mi jù."

Kò sẹ́ni tó ti kíláàsì pa mọ́.

Àwọn alápatà nìkan ni Mẹ́tìrì kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Á ní kí wọ́n dín owó: "Màlúù ló fúnra rẹ̀ kọ́ ẹran yìí. Ìwọ kàn gé e ni!"

Lọ́jọ́ tó kú, àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, wọ́n ń sunkún. Ọ̀kan ní méjì méjì ni Mẹ́tìrì máa ń kà á. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́, tẹ̀rín tẹ̀rín, tẹkún tẹkún. Léèmọ́mù wọlé wá ṣàdúrà, ó bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó: "Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà."

Silifatou fi etí ìborùn nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà láti orí àṣẹ tó wà ní ìyẹ̀wù, tí kì í jáde.