Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Tutù

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ní Jos, iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí omi gbígbóná ṣe ń tutù nígbà ọyẹ́. Ilé wa ní Nasarawa Gwong ni mo ti se omi náà, tí mo fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ò le. Kọ̀ǹpútà ló le. FORTRAN la fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà, lórí páálí tí wọ́n lu ihò sí. EXP ni mo nílò nínú rẹ̀: òun ló ń ṣírò ohun tó ń yára dínkù níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń rọra dínkù nígbẹ̀yìn, bíi ooru omi.

Mo kó páálí mi fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Sai gobe," pé ó di ọ̀la. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ńbà kan náà ló kún bébà látòkè délẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, omi mi ò tutù rárá. Mo tún un kọ títí orí mi fi dàrú, kò yí padà.

Bàbá mi, tó ń ta pákó ní ọjà Katako, ti sọ pé òun ò lágbára àtisan owó ilé-ìwé ọdún mìíràn mọ́. Balùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún kí àwọn àbúrò mi má baà gbọ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, mo lọ bá olùkọ́ mi, obìnrin Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo bébà tí nọ́ńbà kan náà kún, ó bi mí pé, "K lo fi pe ìwọ̀n bí ooru ṣe ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

"FORTRAN ò mọ̀yẹn. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti I dé N, odidi nọ́ńbà ló ń kà á sí. Tìrẹ ò tó ọ̀kan, ó sọ ọ́ di òdo."

Òdo ni mo ti ń gbé fún EXP, ọ̀kan ló sì ń dá padà fún mi, ìyẹn ni ooru omi náà kò ṣe dínkù.

Mo yí K sí RK, kí orúkọ náà lè fi R bẹ̀rẹ̀, mo sáré padà síbi ẹ̀rọ. Iná ti lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Iná ò dé lọ́jọ́ kejì, kò dé lọ́jọ́ kẹta. Ìwé lọgaríìmù ni mo padà fi ṣírò gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ mi gbà á. Mo yege, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n má yege, ó sì pẹ́ kí ara mi tó balẹ̀.