Ìdajì Kapó Bàbá Àgbà

Oòrùn ọ̀sán kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mọ́tò tó ń dán lábẹ́ ibòji, ẹ gbé e síta ní agogo kan ọ̀sán ní Dassa níbí, kí ẹ wá tẹjú mọ́ ọn. Ẹ ó rí ẹgbẹ̀rún ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po lára ọ̀dà rẹ̀, bí ẹni pé aláǹtakùn kan ti fi ibẹ̀ ṣe ilé láti ọdún mẹ́wàá, tó bímọ, tó sì ti ń retí ọmọ-ọmọ. Ilé aláǹtakùn náà ni a ń pè é. Èmi ni mo máa ń lé aláǹtakùn jáde. Iṣẹ́ mi nìyẹn, òun ni ẹbí mi sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó kàwé dé bakaloréà, tó wá jókòó sẹ́bàá títì tó ń fọwọ́ pa mọ́tò onímọ́tò lára. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Àwọn ará ilé mi ti rẹ́rìn-ín jù yín lọ, mo ṣì wà níbẹ̀.

Kòtònú ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù tó bá ọkọ̀ ojú omi dé. Nígbà tí mo padà wálé, mo kọ́ àgọ́ mi sórí ilẹ̀ bàbá mi, lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou, níbi tí òkè ti fẹ̀yìn ti ìlú. Bàbá mi ti lọ sọ́run. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni olórí ẹbí báyìí, òun ló sì ní àṣẹ lórí ilẹ̀ náà. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ wà lára àgọ́ mi: akunmọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn. Bí ilé aláǹtakùn bá bo mọ́tò, ohun tí òun mọ̀ kò ju kó há ọ̀dà rẹ̀ dànù, kó tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń lọ kí n tó dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ mi, ó gbéra, ó lọ bá Bàbá Àgbà. Ó ní òun nílò àyè mi láti fi fẹ àgọ́ òun. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tó ka á lára gan-an: kí Bàbá má bínú, ọmọ yín ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni, òróró ló fi ń bo ìlà mọ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìlà á tún yọjú.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé irú wọn wà. Àwọn kan ń fi òróró bo ìlà lóòótọ́. Èmi kò sí nínú wọn.

Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Èdè Ìdáàṣà ló fi bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń tún un tò fún yín ní Yorùbá inú ìwé, kí ẹ má bàa ní mo ń fi ẹnu òkè kọ̀wé.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo gbọ́ pé òróró lo fi ń tan àwọn ènìyàn jẹ."

"Ẹ kúulé o, Bàbá Àgbà. Ṣé ara yín le?"

"Má kí mi! Ohun tó bá ti kọ ara mọ́tò, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Ilà ojú mi yìí ńkọ́, ṣé o lè fi ẹ̀rọ rẹ pa á rẹ́?"

"Tiyín ti jìn jù, Bàbá. Ẹni tó kọ ọ́ fún yín kò fẹ́ràn yín rárá."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àgbà, bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, ẹbí á péjọ síwájú àgọ́ mi. Bí n kò bá ní ẹ̀rí tí mo lè fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ mi kì í ṣe ẹ̀tàn, kí n kó ẹrù mi, kí akunmọ́tò gba àyè.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́tò dúdú tó rà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, nínú oòrùn.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ fún mi ní mọ́tò yín."

"Mọ́tò tèmi?"

"Tiyín ni. Láti ibí dé Kpingni, n kò tíì rí èyí tí aláǹtakùn pọ̀ lára rẹ̀ tó o. Ilé kọ́ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ìlú ni wọ́n tẹ̀ dó."

"Èmi tí mò ń fọ mọ́tò mi ní gbogbo Sátidé!"

"Ìyẹn gan-an ni mò ń wí, Bàbá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Ní ilé wa, ohun tí a bá bọ̀wọ̀ fún, ńṣe la máa ń fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Bí ọdún Kérésì bá ti ń bọ̀, ìyá Bàbá Àgbà a máa lọ bu yanrìn kíkúnná ní ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí òjò máa ń kó o jọ sí. Á pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú, á fi kànìnkànìn gbo ìdí ìkòkò títí tí yóò fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Àgbà gbé ọ̀wọ̀ náà látorí ìkòkò, ó gbé e lé mọ́tò lórí. Yanrìn kan náà, ọṣẹ kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kànìnkànìn kan náà. Ìkòkò kì í bínú. Ọ̀dà mọ́tò a máa bínú.

Ó gbé mọ́tò náà wá ní àárọ̀ Sátidé. Mo ti pinnu nínú ara mi pé ìdajì kapó, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, nìkan ni mo máa ṣe. Bí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, àwọn ará ilé mi á ní bó ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ wọ́n.

Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì fún omi tí mo fi ń ṣan aṣọ, kí yanrìn má bàa padà wá. Mo lẹ bébà alátè mọ́ àárín kapó gbọnrangandan, láti orí dé ìdí. Mo wá gbé ẹ̀rọ mi tó ń yí bírí, mo fi ìpara díẹ̀ sí ojú fóòmù rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní parọ́ fún yín. Lókè ọ̀dà mọ́tò ni fẹnií wà, ohun kan tó mọ́ gaara bí omi, tí gbogbo rẹ̀ kò nípọn ju abala ìwé iléèwé kan lọ. Inú rẹ̀ ni ìlà ń gbé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í dí ìlà. Ńṣe ni yóò rọra rẹ ilẹ̀ tó yí i ká sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò tí kò ní bèbè mọ́ kì í ṣe kòtò. Ṣùgbọ́n bí o bá rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, fẹnií tán nìyẹn, ọ̀dà á funfun níbẹ̀, kò sí àdúrà tó lè mú un padà. Bàbá Àgbà sì ti fi yanrìn jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí n tó dé. Bí mo bá jó ọ̀dà olórí ẹbí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ẹbí péjọ, kí n kúkú máa di ẹrù.

Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Nígbà tó bá yá, màá dá ẹ̀rọ dúró, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kapó wò. Bó bá gbóná, màá jẹ́ kó tutù.

Akunmọ́tò wá dúró lé mi lórí.

"Madáàmù, ẹ kú iṣẹ́ òróró o."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ sún díẹ̀, òjìji yín nìkan ni ìdọ̀tí tó kù lórí mọ́tò yìí."

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti Mísà dé pẹ̀lú aṣọ àtàtà lọ́rùn. Mo ti gbé mọ́tò sínú oòrùn ganrínganrín. Mo ṣí bébà alátè náà lójú wọn.

Ọwọ́ ọ̀tún rí bí i ti àná, ó ṣú, aláǹtakùn ń yí po níbẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, òkè tó wà lẹ́yìn wa dorí kodò sínú kapó, tòun ti igi rẹ̀.

"Òróró ni," ni akunmọ́tò wí.

Mo ti retí ẹ̀. Mo kọjú sí Bàbá Àgbà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sódábì yín tó wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa gbé e wá."

Sódábì, ògógóró tiwa níbí nìyẹn. Ìgò tí mò ń wí yìí le débi pé bí o bá ṣí i, ojú rẹ á ṣomi.

"Sódábì wo?" ni Bàbá Àgbà dá mi lóhùn. "Èyí tí mo ní, orúnkún ni mo fi ń pa."

"Orúnkún tó wà nínú ọ̀fun," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì ti dìde lọ gbé e.

Kò sí òróró tó lè dúró níwájú sódábì. Akunmọ́tò mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà a máa fi nu mọ́tò kó tó kùn ún. Mo gbé aṣọ rírọ̀ kan lé Bàbá Àgbà lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa ní ọwọ́ mi ló ń ṣe idán. Ó da ọtí sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ó bíi pé ìdí ìkòkò ni.

"Ẹ rọra, Bàbá! Ẹ rọra!"

Ó fi ara balẹ̀. Ó nu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ọtí gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sún sí ọwọ́ ọ̀tún, ojú náà pòórá. Ó padà sí òsì.

"Òróró dà?" ló bi akunmọ́tò.

"Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, Bàbá."

Bàbá Àgbà nàka sí mi. "Parí èyí tó kù."

Ibi tó yẹ kí n ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ nìyẹn. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

"Rárá, Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ ju kànìnkànìn yẹn nù, tòun ti yanrìn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé èmi kì í ṣe ẹlẹ́tàn, àti pé ọwọ́ yín ló kó aláǹtakùn wá. Nígbà náà ni màá parí rẹ̀."

"Èmi? Kí n ju kànìnkànìn ìyá mi nù nítorí ẹnu ọmọ tí mo gbé jó?"

"Ó máa wà bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

"Kó wà bẹ́ẹ̀!"

Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó wọ mọ́tò. Ìyá Àgbà sáré tẹ̀ lé e lójú fèrèsé. "Ọ̀rọ̀ àyè ńkọ́? Ìdí rẹ̀ la ṣe péjọ!"

"Àyè wo? Àyè ṣáà wà níbi tó wà. Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù?" Ó ṣáná sí i, ó lọ.

Bí ẹbí ṣe túká nìyẹn. Òjò ti rọ̀ láti ìgbà náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Akunmọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kapó náà títí ọrùn fi ń dùn ún. Èmi náà kò kó ẹrù.

Bàbá Àgbà ń wa mọ́tò rẹ̀ kiri Dassa bẹ́ẹ̀, ìdajì dúdú, ìdajì dígí. Alájà kan tó ń taṣọ lọ́jà dá a dúró, ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe kapó yín? Ta ló ṣe èyí tó dáa yìí?" Ó ní ọmọ aláìgbọràn kan ni, ó wà lẹ́bàá títì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni alájà gbé tirẹ̀ dé.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ó ń fọ mọ́tò. Garawa méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ ọjọ́ Àìkú, èyí tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ń nu ọwọ́ òsì kapó jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn. Ó dé àárín gbùngbùn. Ó gbé orí sókè, ó rí mi. Ó fún aṣọ náà, ó sá a sórí okùn, ó bu yanrìn, ó gbé kànìnkànìn, ó sì kọlu ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò gbójú kúrò lójú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àgbà."

"Máa bá tìrẹ lọ."