Ọjọ́ Tí Wọn Kò Pé Mẹ́fà Nítorí Kúdírátù

Ọdún kejì tí mo gbé Sìdíkátù níyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta lónìí, tẹ́ ẹ ń bímọ tẹ́ ẹ sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ni mo ń kọ ọ́ fún. Òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín, àmọ́ ó ti lé lọ́dún kan tó ti dolóògbé.

Fọ́líbọ́ọ̀lù niṣẹ́ tó yàn. Ìyá rẹ̀ tó ń rẹ aṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú máa ń sọ pé, "Èmi ń fi ọwọ́ tèmi rẹ aṣọ, ìwọ ń fi tìẹ gbá afẹ́fẹ́."

"Ìyá mi, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ra fìríìjì yín."

Òun ni balógun ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kúdírátù bímọ, ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kò sáyè fún abiyamọ mọ́. Ó fi Bọ́sẹ̀, ọmọ tuntun tó ti Pápáláǹtò wá, rọ́pò rẹ̀.

Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbá ìdíje tó ṣe kókó jù, mo wà láàárín òǹwòran. Ẹni márùn-ún wọlé, kálukú dúró sáyè rẹ̀. Àyè Kúdírátù ṣófo. Bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá pé mẹ́fà, eré ò lè bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni kẹfà yín ńkọ́?" ni adarí eré bi wọ́n.

"Ó wà l'Ádìgbẹ, sà," ni Sìdíkátù fèsì. "Ó ń fọ́mọ lọ́mú."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ ní kó máa gbé ọmọ ọ̀hún bọ̀. A ó bá a pọ̀n ọ́n."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ dìde. "Sìdíkátù, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé, sà. Àwa la ò pé."

Ó yíjú sí Bọ́sẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó kù lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó wọlé. Bọ́sẹ̀ ń wolẹ̀, kò dìde. Bí wọ́n ṣe pàdánù láìgbá bọ́ọ̀lù kankan nìyẹn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Kúdírátù padà, nítorí àwọn márùn-ún ò gbà láti gbá láìsí i. Wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọn ò sì pè é sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, kò sẹ́ni tó kọ ẹ̀tọ́ abiyamọ sínú òfin ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin lẹ máa bèèrè ìyẹn.

Ohun tó dun Sìdíkátù jù ni Bọ́sẹ̀, tí wọ́n lé lọ tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìyàwó mi ló bẹ̀ ẹ́ ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó má dìde. "Mo ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kí ti ọ̀rẹ́ mi lè dára," ló máa ń wí. Ó ń gbèrò àtilọ tọrọ àforíjì, ojú ń tì í, títí àìsàn fi dé.

Lẹ́yìn àdúà ọdún kan rẹ̀, mo lọ sí Pápáláǹtò lọ bẹ Bọ́sẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n bẹ̀ mí lóòótọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà. Sálúbàtà ni mo ti wọ̀ wá láti ilé kí ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀ mí, mi ò gbé bàtà eré dání rárá."

Ó wù mí kí ìyàwó mi gbọ́ ọ.